Wọ́n Ní Kí N Wá Kó Ẹrù Bàbá Àyíṣà

Ọjọ́bọ̀, lẹ́yìn ìrun ìrọ̀lẹ́

Ara mi ò tíì balẹ̀. Mánẹ́jà ibiṣẹ́ ọkọ mi ní Mississauga, ní ìpínlẹ̀ Ontario ní Kánádà níbí, pè mí láàárọ̀ pé kí n wá kó ẹrù rẹ̀, pé àwọn ti fi ẹlòmíì sípò rẹ̀. Bàbá Àyíṣà tó ń ṣe sójà rìsáfù, àwọn tí wọ́n ń pè nígbà tí wọ́n bá nílò wọn, mọ́ iṣẹ́ rẹ̀, tí ìjọba ṣẹ̀ṣẹ̀ rán lọ sí Latvia, lẹ́nu ààlà Rọ́ṣíà!

Nígbà tí mo débẹ̀, mo bá bàtà iṣẹ́ rẹ̀ àti ẹní ìkírun rẹ̀ nínú ọ̀rá ìdọ̀tí. Ẹní ìkírun!

Mo ní, "Mi ò ní gbà á. Ó sọ fún yín kó tó lọ. Òfin Ontario ní ẹ ò gbọdọ̀ lé sójà tó lọ jíṣẹ́ ìjọba."

Mánẹ́jà náà ní, "Madam, iṣẹ́ ò lè dúró de ẹnì kan."

"Ẹ fi ẹlòmíì dí àyè rẹ̀ títí á fi dé. Ẹ ò kàn lè lé e ni."

Ó wọlé lọ pe lọ́yà wọn. Nígbà tó jáde, ohùn rẹ̀ ti rọ̀: "Ipò rẹ̀ ṣì wà. Ẹ má bínú." Mo gbọn ẹní náà, mo fọwọ́ ara mi dá a padà sínú lọ́kà ìkẹ́rùsí rẹ̀.

Bàbá Àyíṣà pè nírọ̀lẹ́. "Ṣé kò sí nǹkan?" Mo ní kò sí. Mo gbọ́ tí ẹnì kan pariwo orúkọ rẹ̀ lẹ́yìn, fóònù sì já. Mo pè é títí, kò wọlé.

Iṣẹ́ rẹ̀ ń dúró dè é. Mo bá wọn jà, mo sì borí. Ṣùgbọ́n ta ni mo fẹ́ lọ bá jà kí òun fúnra rẹ̀ lè padà wá láàyè?