Ìyá Mi Gorí Ìtàgé

Sátidé, Oṣù Kẹjọ 1988. Agége.

Ojú ń tì mí débi pé mi ò lè jẹun.

Màmá mi ò wo eré ẹgbẹ́ òṣèré wa rí. Lónìí, wọ́n rí mi nínú fíìmù tá a ń fi hàn lára aṣọ funfun lórí ìtàgé láàárín eré: mo jábọ́ sódò, mo rì. Bí èmi gan-an ṣe yọ láti ẹ̀yìn aṣọ náà, tí omi ń kán lára mi, wọ́n sáré gorí ìtàgé, wọ́n ń fi ìborùn wọn nù mí lórí.

"Ọmọ mi ò kú o!"

Èrò bú sẹ́rìn-ín. Mo ní, "Ta ni màmá yìí? Mi ò mọ̀ wọ́n rí."

Èrò pàtẹ́wọ́, wọ́n ṣe bí ara eré ni. Màmá mi rọra sọ̀ kalẹ̀.

Nígbà tí mo délé, mo kúnlẹ̀. Kí n tó lanu, wọ́n ní, "Má bínú, Àbẹ̀kẹ́. Ṣé mi ò ba iṣẹ́ ẹ jẹ́?"