Fáìlì Àwọn Bàbá Alhaji

Fante New Town,
Kumasi.
Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kẹta, ọdún 1993.

Àbúrò mi ọ̀wọ́n, Ràzíátù,

Àsàlámù àlékùn. Mo kí ìwọ àti ọkọ rẹ, mo sì ní ìrètí pé ara yín dá ṣáṣá ní Ìlọrin. Àwa náà wà dáadáa, àlùhámúdù lílàhì. Ẹsẹ̀ tó ń dun Màmá ti fúyẹ́, wọ́n tilẹ̀ ti ń bú mi bíi ti tẹ́lẹ̀.

Lẹ́tà rẹ dé, ó sì bà mí nínú jẹ́. O ní mo fi ìtàn bí àwọn bàbá wa méjìlá ṣe dé Kumasi ránṣẹ́, ẹyọ kan péré ló jáde nínú kọ̀ǹpútà yín, ọ̀gá rẹ ní ilé ìkàwé sì ní ìwọ lo pa àwọn yòókù rẹ́. O wá fẹ́ kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀ kí wọ́n tó lé ọ. Jọ̀wọ́, má kọ ìwé kankan. Ìwọ kọ́ lo jẹ̀bi, ìtàn náà kò sì sọnù, gbogbo rẹ̀ ṣì wà lọ́dọ̀ mi níbí.

Èmi ni mo di fáìlì méjìlá náà pọ̀ sínú díísì kan. Ìwé pélébé tó bá ètò kọ̀ǹpútà tí mo fi dì í wá sọ pé tí mo bá tẹ lẹ́tà p mọ́ àṣẹ tí mo fi ń di fáìlì, kọ̀ǹpútà èyíkéyìí á lè ṣí i. Kò sí àlàyé mìíràn. Mo mọ̀ pé kọ̀ǹpútà yín ti gbó, mo bá tẹ p. Àṣé p yẹn máa ń gé orúkọ fáìlì kù sí lẹ́tà mẹ́jọ!

Ìwọ náà mọ ilé wa. Ta ló máa kọ orúkọ àgbàlagbà ní ìhòòhò? BABAALHAJISALISU, BABAALHAJIBAKARE, bẹ́ẹ̀ ni mo kọ gbogbo wọn. Nígbà tí p gé wọn tán, BABAALHA ni gbogbo wọn ń jẹ́. Bí o ṣe ń tú wọn síta, ọ̀kan ń gorí èkejì, ó ń pa á rẹ́, títí ó fi ku ẹyọ kan. Inú bí mi sí ìwé pélébé yẹn débi pé díẹ̀ ló kù kí n jù ú sí gọ́tà.

Mo bá jókòó, mo kọ ojú ìwé tuntun tó ṣàlàyé ohun tí p ń ṣe, èyí tó yẹ kó wà nínú ìwé pélébé yẹn. Mo gbé e fún Yaa, aránṣọ ẹ̀gbẹ́ ilé wa, tí kò fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà rí. Ó kà á tán, ó ní, "Ei, Hàjàrá, tí fáìlì méjì bá wá ń jẹ́ orúkọ kan náà ńkọ́?" N kò tíì kọ ìyẹn sí i rárá! Òun ló wà ní ìlà àkọ́kọ́ báyìí.

Ó wá ku kí n yọ "Bàbá Alhaji" kúrò lára orúkọ fáìlì. Ẹ̀rù bà mí. Mo lọ bá àwọn bàbá náà ní àdúgbò Aboabo lẹ́yìn ìrun Jímọ̀h, mo kúnlẹ̀, mo tọrọ àyè. Wọ́n fajú ro. Alhaji Sàlísù tó dàgbà jù wọ́n lọ wá bèèrè ìdí rẹ̀, mo sì sọ ọ̀rọ̀ rẹ fún wọn. Wọ́n ní, "Hàbà! Ọmọ wa ni wọ́n fẹ́ lé níbi iṣẹ́ nítorí Alhaji tiwa? Sàlísù ni ìyá mi ń pè mí. Kọ ọ́ bẹ́ẹ̀."

Lẹ́tà tí mo fi ṣàlàyé fún ọ̀gá rẹ wà nínú àpòòwé yìí. Àwọn bàbá ní àwọn náà á fọwọ́ sí i. Alhaji Sàlísù gba bírò, wọ́n kọ Sàlísù, wọn ò fi nǹkan kan síwájú rẹ̀. Àwọn mọ́kànlá yòókù ṣe bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Ràzíátù, mo sunkún níwájú gbogbo wọn.

Kí Ọlọ́hun má jẹ́ kí wọ́n dá ọ lẹ́bi ohun tí o kò ṣe. Kí Ó fi àlùbáríkà sí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ. Àmín.

Èmi ni ẹ̀gbọ́n rẹ tó fẹ́ràn rẹ,
Hàjàrá

Àfikún: Táhírù, ọmọ àdúgbò wa tó ń bọ̀ ní Ìlọrin, ń mú díísì tuntun tí mo ti tún orúkọ àwọn fáìlì kọ sí bọ̀, ojú ìwé tí mo kọ sì wà pẹ̀lú rẹ̀. Ibi tí kò bá yé ọ, fi bírò pupa fàlà sí i, kí o dá a padà kí n tó fi ránṣẹ́ sí àwọn tó ṣe ètò náà. Má ṣe bíi tèmi, tí mo ṣe bí ẹni pé ó yé mi.