Ọjọ́ Tí Wọn Kì Í Kí Ara Wọn

Mọ́mì, Nàfísátù yín ni o. Ara mi le, iṣẹ́ ń lọ dáadáa, ẹ má mikàn rárá.

Lánàá, mo kí màmá Júù tí mò ń tọ́jú ní Sydenham, wọn ò dáhùn. Orí àpótí kékeré ni wọ́n jókòó sí, wọn ò jẹ, wọn ò mu. Nígbà tó yá, wọ́n ní kí n má bínú: ọjọ́ ọ̀fọ̀ ni, àwọn kì í kí ara àwọn lọ́jọ́ náà. Ilé ìsìn wọn tó jóná ní nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ọdún méjì sẹ́yìn ni wọ́n ń sunkún rẹ̀. Mo ní ṣebí àwọn ọ̀tá ló dáná sun ún. Wọ́n ní, "Àwa náà la fà á. A kórìíra ara wa láìnídìí."

Mọ́mì, ẹgbẹ́ àsàláátù wa ní Peckham ti pín sí méjì látìgbà ààwẹ̀, nítorí ipò alága. Apá kejì ni àbúrò mi Sherifat wà. Bọ́ọ̀sì kan náà la máa ń wọ̀, kálukú á kọjú sí fèrèsé tirẹ̀. Ọjọ́ kan péré ni tàwọn Júù. Tiwa ti di oṣù márùn-ún, kò sì sẹ́ni tó ń sunkún. Gbogbo "Sherifat ń kí yín" tí mò ń sọ lórí fóònù, kò rán mi.

Ẹ bá mi kí Bàbá àti gbogbo ará ilé. Tí Sherifat bá pè yín, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi kí i.