Aránṣọ ní Àdúgbò Onígíláàsì

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹrin oṣù Kẹwàá
Mo dé! Ọmọ àbúrò bàbá mi wá pàdé mi ní ibùdókọ̀ ojú irin. Òpìtàn ni màá máa pè é níbí, torí aṣọ́nà ni nílé tí wọ́n ń kó ohun àtijọ́ sí, ẹnu rẹ̀ kì í sì í sinmi. Ògiri ìlú. Ẹnubodè ìlú. Ọba tó mọ ọ́n, ọba tó wó o. Mo ń mi orí, àmọ́ ojú mi ti lọ sí òdìkejì odò — ilé onígíláàsì rẹpẹtẹ, oòrùn ń kọ mànà lára wọn. Kí nìyẹn? Ó ní, "Àǹtí, ẹ fìyẹn sílẹ̀. Kò nítàn." Gbọ́ ọ̀rọ̀! Ohun tí kò nítàn gan-an ni mo fẹ́ wò. Ọmọ ọdún mẹ́tàléláàádọ́ta ni mí, ìtàn ti sú mi.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ karùn-ún
Ògiri. Ẹsẹ̀ ń dùn mí.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹfà
Mo sá mọ́ Òpìtàn lọ́wọ́! Ó di òdìkejì odò. Ọ̀nà gbòòrò, mímọ́ tónítóní. Nínú ilé ìtajà ńlá kan — àtẹ̀gùn tó ń rìn fúnra rẹ̀! Mo gùn ún. Ní àárín, ẹ̀rù bà mí, mo bá gbé ẹsẹ̀ sókè kó lè dúró. Ẹ̀rọ ìránṣọ mi nílé, tí mo bá ti gbé ẹsẹ̀ kúrò, ó parí. Eléyìí ò gbọ́. Ni mo bá jókòó gbì síwájú bàbá àgbà kan. Bàbá ní, "Ẹ kú ìjókòó o, màmá." Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Mo tún padà gùn ún lẹ́ẹ̀mẹrin.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ keje
Mo pe Ẹ̀gbọ́n mi nílé. Ọdún mọ́kàndínlógún la ti jọ ń ránṣọ ní ṣọ́ọ̀bù kan náà. Ojú rẹ̀ ti ń ṣe bàìbàì, èmi ni mò ń bá a fi òwú sí abẹ́rẹ́. Mo ròyìn, mo ròyìn. Ó ní kí n má jẹ́ kí ìlú gbé mi lọ o. A rẹ́rìn-ín sí i. Àbámẹ́ta ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni màá padà.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kọkànlá
Yàrá ìránṣọ kan wà ní àdúgbò onígíláàsì. Láti ìta ni mo ti rí obìnrin kan tó fẹ́ gé àrán — ó kọ irun aṣọ ní apá kan sókè, ó kọ ti ìkejì sísàlẹ̀! Tí wọ́n bá rán an tán, àwọ̀ á di méjì. Mo fọwọ́ gbá gíláàsì, mo pariwo. Wọ́n mú mi wọlé. Ọ̀gá wọn — Aláìrẹ́rìn-ín ni mo sọ ọ́ — wo àrán, ó wò mí. "Ẹ jókòó, mà. Ẹ rán èyí kí n rí i." Ẹ̀rọ oníná! Mo kàn fẹsẹ̀ bà á báyìí ni, ó rán ẹnu apá kóòtù pa pátápátá. Wọ́n fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Inú bí mi, mo gba àlùmọ́gàjí, mo gé odindi kóòtù láìfi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà kankan. Aláìrẹ́rìn-ín gbé aṣọ tí mo gé yẹ̀ wò. Ó ní, "Ta ló kọ́ yín?" Mo ní ẹ̀gbọ́n mi. Ó ní kí n wá máa gé aṣọ fáwọn láti ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀. Èmi! Mo jó nínú ọkọ̀ ojú irin, ẹni tó fẹ́ wò kó wò.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kejìlá
Mo sọ fún Ẹ̀gbọ́n. Ó ní, "Ta ni yóò wá máa fi òwú sí abẹ́rẹ́ fún mi?" Ó pa fóònù.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹtàlá
Kò gbé e.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹrìnlá
Kò gbé e. Mo lọ gun àtẹ̀gùn yẹn, kò dùn mọ́. Nígbà tí ọkọ mi kú, Ẹ̀gbọ́n ló kó mi sọ́dọ̀, òun ló fi àlùmọ́gàjí lé mi lọ́wọ́. Mo sọ fún Aláìrẹ́rìn-ín pé mi ò ní lè wá. Ó ní àyè mi á ṣì wà títí di ọjọ́ Ajé.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹrìndínlógún
Ibùdókọ̀, lórí bẹ́ńṣì ni mo ti ń kọ èyí. Òpìtàn ti gbé àpò mi sínú ọkọ̀, èmi náà ti jókòó sínú rẹ̀, ni fóònù dún. Ẹ̀gbọ́n. "Ibo lo wà?" Mo ní mò ń bọ̀ nílé, ẹ̀gbọ́n mi. "Ta ló ránṣẹ́ pè ọ́?" Ó ní ìyàwó ọmọ òun ti fi òwú sí ogún abẹ́rẹ́ láàárọ̀, ó tò wọ́n sára tìmùtìmù, òun ò tíì lo ìdajì. Ohùn rẹ̀ wá rọ̀. "Láti ọdún mọ́kàndínlógún ni mo ti ń bẹ̀rù ọjọ́ tí wàá lọ. Ó ti dé báyìí, kò pa mí. Sọ̀ kalẹ̀, jàre."

Mo sọ̀. Mò ń sunkún, mò ń rẹ́rìn-ín, Òpìtàn sì ń sáré tẹ̀lé ọkọ̀, ó ń pariwo pé ẹ dúró, ẹ dúró. Àpò mi ti lọ sílé. Èmi ò lọ.