Ìbéèrè Aago Mẹ́rin

Bàbá mi, ẹ̀yin tí ẹ máa ń pè mí ní Tíṣà,

Ẹ kú àtijọ́. Ọ̀rọ̀ kan ń bà mí lẹ́rù, ẹ̀yin nìkan ni mo sì lè sọ ọ́ fún láìrú òfin iṣẹ́. Mo ti fi iṣẹ́ tíṣà sílẹ̀ o. Mo ń kọ́ iṣẹ́ àwọn tó ń gbọ́ ẹ̀dùn ọkàn èèyàn, ní ọ́fíìsì kékeré kan lókè ilé ìtajà oògùn ní Ìkọ̀tún. Mo mọ̀ pé inú yín ì bá má dùn, bí ẹ ṣe fi mí yangàn ní gbogbo àdúgbò tó! Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tíṣà tí mo ṣe ní Ìgándò náà ló bí i. Àwọn ọmọ tí kì í lanu ní kíláàsì, èmi ni wọ́n máa ń wá bá nígbà ìsinmi.

Ohun tí wọ́n ń kọ́ wa ni pé ká jókòó jẹ́ẹ́. A kì í wàásù, a kì í sáré dá ẹkún dúró. Bí ọ̀rọ̀ bá burú, ṣe la ó tún bi ẹni náà síwájú sí i. Ó le fún mi jàre. Ọmọ yín ni mí, ẹnu mi kì í gbélé.

Lánàá, obìnrin kan tó dàgbà ju Màámi lọ jókòó níwájú mi. Ọkọ rẹ̀ kú, ilé tí wọ́n jọ kọ́ sí Ayọ̀bọ̀ wá tóbi jù fún un. Ó ní òun ò rí ìdí tí òun fi ń jí láràárọ̀ mọ́. Kí n tó mọ̀, mo ti fọwọ́ yí orí ká, mo ti ta ìka bí ẹ ṣe máa ń ṣe. Mo ní, Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́! Ẹ má sọ bẹ́ẹ̀ mọ́, Mà! Ó wò mí, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ṣe àmín. Ó gbé báàgì rẹ̀, ó dúpẹ́, ó lọ.

Yéè! Mo pa á lẹ́nu mọ́.

Ọ̀gá tó ń kọ́ mi ní kí n pè é kíá. Fóònù ò lọ. Mo pè é títí, ilẹ̀ mọ́ kó tó gbé e. Ó ní kò síná láti fi ṣáàjì ni, pé òun á wá láago mẹ́rin. Ọ̀gá mi á jókòó tì mí, ṣùgbọ́n èmi ni màá bi í ní tààrà, bóyá ó ń rò ó láti pa ara rẹ̀. Mi ò bi àgbàlagbà nírú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ rí láyé mi. Bó bá bínú ńkọ́? Bó bá ní bẹ́ẹ̀ ni ńkọ́?

Òmíràn tún wà tó ń dẹ́rù bà mí. Nígbà tí àìsàn dá yín dùbúlẹ̀, ẹ bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ kan, pé bí ẹ bá lọ. Gbogbo wa pariwo lé yín lórí pé ẹ ò ní kú. Ẹ̀yin náà ṣe àmín, ẹ kọjú sí ògiri. Ẹ ò dá a sọ mọ́ títí ẹ fi papòdà. Kí lẹ fẹ́ sọ, Bàbá mi? Àbí ẹ̀rù ló ń bà yín?

Mo ń gbọ́ ẹsẹ̀ lórí àtẹ̀gùn. Aago mẹ́rin ò tíì lù, ó ti dé. Lọ́tẹ̀ yìí, mi ò ní ṣàdúrà kí n tó gbọ́ ọ tán.

Èmi ni,
ọmọ yín tí ẹ̀rù ń bà, tó ṣì fẹ́ràn yín gan-an.