Ọba Tí Wọ́n Tètè Sin

Ìyá Hàbíbátù, Àkúrẹ́ bá mi lára mu. Fíìmù wa ń lọ dáadáa. Èmi tí mo ta oko Kuta láti fi yà á ni mo ń ṣe ọba inú rẹ̀. Ọjọ́ ìkẹyìn ló yẹ kí ọba kú, ṣùgbọ́n dáírẹ́tọ̀ yí ìtàn padà. Wọ́n sin mí lánàá, ó ní kí n lọ sinmi. Bí mo bá yọjú báyìí, gbogbo wọn á dákẹ́ jẹ́ẹ́. Kò sí wàhálà o. Bó bá wá ya èyí tó kù nílé wa ní Ìwó, má ṣílẹ̀kùn fún un. Bá mi kí Ìyá mi. Bí wọ́n bá rí fọ́tò ìsìnkú mi, sọ pé eré ni.

Èmi ni Mùrí ọkọ rẹ, tó ṣì ni fíìmù náà.