Ṣúgà tí Fápọ̀hùndà Kò Jí

Bọ́dúndé àbúrò mi,

Mo kí ọ, mo kí ìyàwó rẹ àti àwọn àgbà ilé wa ní Ìjerò. Stella ọmọ mi ti bí ọkùnrin. Ìjọba alágbádá dé, iná kò dé. Jẹnẹrétọ̀ la fi ń po ìyẹ̀fun. Síbẹ̀, ta ni kò mọ búrẹ́dì mi ní Agége, èmi tí n kò kọjá ìwé mẹ́ta?

Láti ìgbà tí mo ti ń gba abẹ́rẹ́ ìtọ̀ ṣúgà, bí mo bá tọ́ búrẹ́dì mi wò, kì í dùn mọ́. Mo ní Fápọ̀hùndà, tó ti ń po ìyẹ̀fun fún mi láti ọdún méjìlá, ló ń jí ṣúgà. Ó ní, "Bàbá, ẹnu yín ni kí ẹ yẹ̀ wò." Mo lé e lójú gbogbo òṣìṣẹ́. Ìyàwó mi mọ̀ pé búrẹ́dì náà dùn, ó dákẹ́. Gbogbo wọn ló ń bẹ̀rù mi. Mo fọwọ́ ara mi bu ṣúgà kún ìyẹ̀fun, àwọn oníbàárà ní búrẹ́dì náà dùn jù, wọ́n dá a padà.

Dókítà ló là mí lóye. Ó ní insulíìnì inú abẹ́rẹ́ náà, irú rẹ̀ ni ara fi ń ránṣẹ́ sí ọpọlọ pé oúnjẹ ti tó. Adùn oúnjẹ sì lè tipa bẹ́ẹ̀ dínkù fún èèyàn. Ẹnu tó kọ́ ilé mẹ́ta fún mi ló purọ́ fún mi.

Mo gbọ́ pé Fápọ̀hùndà ń roko lọ́dọ̀ yín. Ìwọ fúnra rẹ ni kí o lọ bá mi bẹ̀ ẹ́, má rán ọmọ. Má sọ pé àìsàn ló fà á. Àìsàn kọ́ ló pè é lólè. Kí ìyá rẹ̀ wà níbẹ̀, kó gbọ́ pé èmi ni mo ṣẹ ọmọ rẹ̀.

Ọlọ́run á máa ṣọ́ ilé rẹ.

Ẹ̀gbọ́n rẹ,
Jóṣúà